Eyín Tí Kò Dùn Ún

"Búlúù ni, Fọláyan! Géètì dókítà yẹn, búlúù ni!"

"Aláwọ̀ ewé ni! Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi tì í, ṣé èmi ni wàá máa sọ fún?"

"Ojú la fi ń wo àwọ̀, kì í ṣe ọwọ́. Àbí ọwọ́ tìẹ ní ojú ni?"

"Matthias, má bú mi nínú ilé mi o! Mo ní aláwọ̀ ewé ni!"

Olúwadùnsìn jókòó sáàárín àwọn méjèèjì bí àpò kòkó tí wọ́n gbàgbé sórí ìwọ̀n. Òun ló ń ṣàìsàn. Òun ló sì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà náà. Ó mọ̀ pé géètì ọ̀hún ti wó láti ọjọ́ pípẹ́, adìyẹ ló ń sùn lórí ẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀rọ̀ géètì kọ́ ló kó wọn jọ. Oògùn Dùnsìn ló tán.

Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, tí ọkọ rẹ̀ sì ti dá a padà sílé Fọláyan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ni àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán níbẹ̀. Oorun sá. Oúnjẹ dà bí èérún pákó lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, ògiri ló kọjú sí. Matthias, ọ̀rẹ́ Fọláyan tó ń wa takisí lọ sí Àkúrẹ́, ló kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Bọ́lánlé. Oògùn funfun kékeré ni wọ́n fún un. Kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbóòórùn àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín nílé kejì, ebi sì pa á. Ó jókòó, ó sunkún nítorí pé ebi ń pa òun. Kò pẹ́ tó fi padà sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà ní Aládé. Dókítà kìlọ̀ fún un: oògùn yìí ò gbọ́dọ̀ tán láìsí òmíràn nílẹ̀.

"Lọ́la ni màá gbé e lọ," Matthias ní.

"Kò níí lọ."

"Torí kí ni?"

"Torí àwọn ará ilé Olútìmẹ́hìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí wa."

Olútìmẹ́hìn ló fẹ́ fẹ́ Tẹniọlá, àbúrò wọn tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ilé. Kí wọ́n tó gbé iṣu àti ọtí wá, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, lọ́wọ́ onídìrí, lọ́wọ́ ọlọ́kadà: ṣé wèrè wà nílé yẹn? Ṣé wárápá wà níbẹ̀? Ta ló ń dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

"Bí ẹnì kan bá rí i níwájú ilé dókítà wèrè, ó parí," Fọláyan ní.

"Kì í ṣe dókítà wèrè. Dókítà ọkàn ni."

"O máa dúró lójú títì kó o máa ṣàlàyé ìyẹn fún alárinà?" Fọláyan yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Dùnsìn, ẹni tó bá bi ọ́ pé kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí, sọ fún un pé eyín ló ń dùn ọ́. Eyín ò lẹ́gàn nínú. Ọba gan-an, eyín ń dùn ún."

Dùnsìn wo Tẹniọlá tó fara ti òpó ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn òun ni ọmọ yìí dàgbà sí, ká sòótọ́.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́," Tẹniọlá ní. "Fúngbà díẹ̀ ni."

Dùnsìn mi orí pé òun gbọ́.

Irọ́ náà gbayì, ó gbayì jù. Ìyá Olútìmẹ́hìn, obìnrin tó láàánú ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ó gbọ́ pé eyín ń dun Àǹtí ìyàwó, ó fi kànáfùrù ránṣẹ́. Ó tún fi òróró kan ránṣẹ́ tó ń rùn bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan.

"Ọmọ àbúrò mi ni dókítà eyín. Dìde, ọmọ mi. O ò níí fi eyín kú."

Fọláyan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè ní rárá. "Ẹ kú àánú, Màmá," ló ní.

Nílé ìwòsàn, dókítà náà ń kan eyín Dùnsìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kan àgbọn wò.

"Èwo ló ń dùn yín nínú wọn, Àǹtí? Eyín yìí le ju àpáta ìlú yìí lọ."

Ìyá Olútìmẹ́hìn gbójú sókè. "Tí kò bá sí nǹkan tó ṣe eyín, kí ló wá dé tí kì í sùn? Wọ́n ní ó ń sunkún nílé ìwé."

Iyán gígún bẹ̀rẹ̀ láyà Dùnsìn, kìkì, kìkì. Ó mọ ìbéèrè tó kàn. Ó ti ìka bọ ẹnu, ó tọ́ka sí ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá.

"Èyí ni."

"Kò sí nǹkan tó ṣe é o."

"Èyí ni. Ẹ yọ ọ́."

Dókítà wo ìyá náà. "Ẹni tó ni ẹnu ló mọ̀," ìyá ní.

Wọ́n yọ ọ́. Ó jáde tòun ti gbòǹgbò, ó funfun bí àgbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ìyá Olútìmẹ́hìn gbé orí Dùnsìn lé àyà, ó ń rọ̀ ọ́, ó ń ṣàdúrà fún un. Ìyẹn dun Dùnsìn ju ẹ̀mú lọ.

Nígbà tí Fọláyan rí òwú ẹlẹ́jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́gbọ́n ọmọ! Irọ́ ti di òótọ́!"

Ìwádìí parí láìlábàwọ́n. Wọ́n ṣe ìdána, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Dùnsìn ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n lọ báyìí."

"Jẹ́ kí Tẹniọlá lóyún ná. Tó bá ti lóyún, wọn ò lè dá a padà."

Ìgbà yẹn ló yé Dùnsìn pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní òpin. Tí oyún bá dé, ọmọ ló kàn. Ọmọ náà á dàgbà, wọ́n á wá wádìí tirẹ̀ náà. Ó gbìyànjú láti dá lọ. Ó dé gáréèjì, gbogbo ojú tó wò ó dà bí ojú alárinà, ó sì padà sílé. Àìsàn yìí, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó dúró níwájú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kò kọ nǹkan kan títí wọ́n fi lu aago ìsinmi. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n bú sẹ́kún. Ọ̀gá ilé ìwé ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì fún ẹlòmíràn ní kíláàsì rẹ̀. Ó dẹ́kun oúnjẹ. Ó dẹ́kun ọ̀rọ̀.

Matthias ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé Dùnsìn bí ọmọdé sínú takisí láàárọ̀ kan. Fọláyan fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré tẹ̀ lé wọn, ó já wọ iwájú ọkọ̀, ó ń jà títí wọ́n fi dé Àkúrẹ́.

Dókítà Bọ́lánlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Dùnsìn, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Dùnsìn mọ̀ ọ́n. Èsì náà wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, bí korobá tí okùn rẹ̀ já sínú kànga.

"Ta ló dá oògùn rẹ̀ dúró?"

"A ò dá a dúró o," Fọláyan ní. "A kàn sún un síwájú ni. Eyín gan-an ló ń ṣe é. Ẹ wo ẹnu ẹ̀!"

"Mo ti wò ó, Bàbá. Ó ti ń gbádùn nígbà tó ń lo oògùn. Ó máa dúró síbí báyìí, ó sì máa pẹ́. Mi ò lè ṣèlérí pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe máa padà."

Fọláyan fa àga sún mọ́ dókítà. Ó na ìka sókè.

"Dókítà, àbúrò obìnrin méjì ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Mo fa ọ̀kan fọ́kọ, kò sẹ́ni tó rí àléébù kan lára ilé wa. Ẹ dá mi lóhùn: kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Dókítà la ẹnu. Ó wo Dùnsìn. Itọ́ ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sórí ìró, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbéra láti nù ún. Dókítà tú gèlè orí ara rẹ̀, ó nù ún.

"Ẹ rí i!" Fọláyan dìde, ó tún fìlà ṣe. Ó yan fanda jáde bí ẹni tó jàre ní kóòtù, ohùn rẹ̀ sì ń bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Matthias, ṣé o rí i bí ẹnu dókítà ṣe wọhò?"