Oṣù Tí Mo Fi Kún Un

Èmi Àníkẹ́ ni mo parọ́ oṣù oyún ìyàwó ọmọ mi. Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Olúbùnmi ni ìyàwó náà. Dámiláre ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀, oṣù keje sì ni méjèèjì. Oṣù keje! Ta ni yóò rí irú ìyẹn tí kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ló ń lúgọ síbẹ̀? Nígbà tó lóyún kẹta lọ́dún 2003, mo mú un wá sọ́dọ̀ ara mi ní Ìkọ̀lé, mi ò jẹ́ kó yọjú síta títí ikùn fi yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ gba káàdì ní ọsibítù, mo ní kó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kó búra fún mi.

Mo ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ ní oṣù tó jẹ́, fi oṣù kan àtààbọ̀ kún un. Ẹni tó ń dènà dè wá ní oṣù keje á rò pé a ti kọjá, á gba ilé rẹ̀ lọ."

Ẹ ní kí ló dé tí mo fi parọ́ fún ọsibítù? Beatrice ni nọ́ọ̀sì tó ń kọ káàdì. Ọmọ ìyáálé mi ni. Láti ọjọ́ tí baálé wa ti kú, ẹ káàárọ̀ nìkan ló kù láàárín èmi àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Ọjọ́ Ajé kan, ẹsẹ̀ Olúbùnmi wú, ojú rẹ̀ náà wú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Dókítà Adédoyin tẹ ikùn rẹ̀, ó wo àwòrán ọmọ náà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà nínú ikùn, ó mi orí.

"Màmá, ọmọ yìí kéré jù fún oṣù mẹ́jọ àtààbọ̀. Ó jọ pé oúnjẹ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Lọ́jọ́bọ̀ a máa ṣiṣẹ́ abẹ, ká tètè gbé e jáde." Ó wá fi kún un pé, "Ká ní oṣù rẹ̀ ò tíì tó ni, abẹ́rẹ́ kan wà tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó nínú ikùn. À bá fún ìyá rẹ̀ ní ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la, ká sì dúró kó ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀dọ̀fóró ò bá gbó, ọmọ ò lè mí. Àmọ́ tiyín ti kọjá ìyẹn, ọpẹ́ ni."

Olúbùnmi yíjú sí mi. Beatrice dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo bírò yẹn.

Mo ní, "Ẹ ṣé o, Dókítà." Ẹ gbọ́ mi ná! Ẹ ṣé o ni mo sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sọ́jà lọ ra àwọn nǹkan tí wọ́n kọ fún wa: òwú, Dẹ́tọ́ọ̀lù, aṣọ ìtẹ́dìí. Fìlà ọmọ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ mi kàn lọ mú èyí tó kéré jù. Ìyá tó ń tà á ní, "Èyí kéré fọ́mọ tó gbó o, Màmá." Mo ní kó dì í fún mi, kó yé dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Nígbà tí mo padà, Olúbùnmi dì mọ́ ọwọ́ mi. "Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn. Ọmọ mi ò ní lè mí."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún gba èyí náà ni?"

Ó kọjú sí ògiri. Ó ní orí ń fọ́ òun, ojú òun sì ń ṣú. Mo ní ẹkún tó ń sun ló fà á.

Ọjọ́rú, mi ò lè jẹun. Bí ayé bá pa ọmọ, ayé ló pa á. Bí ọmọ bá jáde tí kò rí èémí mí ńkọ́? Ọwọ́ ta ni? Mo dúró títí Beatrice fi lọ jẹun ọ̀sán, mo wọlé tọ Dókítà lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀. Mo ní oṣù kan ni mo fi kún un. Ààbọ̀ tó kù, mo gbé e mì. Oṣù keje kò lè jáde lẹ́nu mi.

Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Láti ọjọ́ Ajé lẹ ti mọ̀?"

Ó sún iṣẹ́ abẹ síwájú, ó sì pe Beatrice kó wá gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni. Ó ní, "Agogo mẹ́ta ọ̀la ni èkejì. Kí Ọlọ́run bá wa dá ẹ̀jẹ̀ ríru yìí dúró." Beatrice gún un tán, ó wò mí. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà.

Ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ ti dúró jù."

Lọ́jọ́bọ̀, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, Olúbùnmi ń mu ògì. Ife jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ wa pọ̀, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí bẹ́ẹ̀dì. Yéè! Mo figbe ta. Wọ́n sáré gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbójú sókè wo aago ara ògiri. Agogo mẹ́ta ṣì jìnnà. Ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́, ọjọ́ méjì náà ni abẹ́rẹ́ ń fẹ́. Ẹni tí mo ní ó lúgọ sí oṣù keje, mo wá a kiri ọsibítù náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ẹnì kankan àfi ara mi.

Kò pẹ́, Beatrice jáde. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà nínú táwẹ́lì. Ọmọbìnrin ni. Kò sunkún, ó ń kérora, àyà rẹ̀ ń jìn wọnú bó ṣe ń wá èémí.

Mo ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà láàyè, kò tíì jí. Adó là ń gbé ọmọ lọ báyìí, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí níbẹ̀. Màmá, wọ́n á bi mí, ọmọ yìí sì kéré sí oṣù tí ẹ sọ lánàá. Oṣù mélòó ni oyún yìí gan-an? Ẹ má tàn mí mọ́, nítorí Ọlọ́run."

Aláboyún kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ará Òsì, ará Ìsàn. Níwájú gbogbo wọn ni ìyáálé mi dúró sí, ó gbé fúláàsì ògì tó sè fún wa dání. Òun ló gbé ògì àárọ̀ náà wá, mi ò mọ̀. Mo wò ó. Mo wo àyà ọmọ náà. Ó jìn wọnú, ó dúró, kò tètè gbéra.

"Oṣù méje!" Mo pariwo rẹ̀. "Oṣù méje péré ni!"

Beatrice ti ń sáré lọ. Ìyáálé mi gbé fúláàsì sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Ọmọ ulé wa! Ọmọ ulé wa o!" Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà kékeré tí mo rà lọ́wọ́ mi. Mò ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń kérora títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣíná mọ́tò, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́.