Ta Ni Ó Ń Yí Mi Lọ́rùn?

Ọ̀rẹ́ mi, èmi Felísíà Àbẹ̀kẹ́ Adéṣọkàn, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ọmọ agbo ilé jagunjagun n'Íbàdàn, ni mo di sójà inú géèmù lójú àlá lánàá. Àwọn ọ̀tá ń yìnbọn. Ìyàwó ọmọ mi fi máòsì kọ̀ǹpútà ń yí mi lọ́rùn kíákíá, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni ó fi ń tẹ bọ́tìnnì tí ń gbé ẹsẹ̀ mi. Ọwọ́ òsì, fún ìyá ọkọ! Mo ké sí Dépọ̀, ọmọ mi. Páàdì tí òun fi ń ta géèmù rọra ń gbé mi, àmọ́ ìbọn mi ń fúnra rẹ̀ yí sí ọ̀tá.

“Dépọ̀, ta ló ń bá ọ darí mi?”

“Páàdì ló ń ràn mí lọ́wọ́, Màámi. Ẹ ṣáà máa yìnbọn!”

Mo kọ̀ fún àwọn méjèèjì. Mo dúró gbagidi, ọta ìbọn sì bà mí ní igbá àyà.

Mo jí pẹ̀lú ìfura. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo rí Dépọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n wà nídìí géèmù wọn, wọ́n ń wò mí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.