Òwìwí Orí Máńgòrò Alhaji Rájí

Ní Ladi-Lak, ní Bariga, bí èèyàn mẹ́ta bá ti kóra jọ, ẹgbẹ́ dé nìyẹn. Wọn á ti yan alága, wọn á sì ti máa jà lórí àwọ̀ fìlà. Tiwa ni Ẹgbẹ́ Mọ Ẹranko Àdúgbò Rẹ. Ní àràárọ̀ Sátidé la máa ń rìn kiri, láti Pedro títí dé etí ọ̀sà l'Ákọkà, à ń wo ẹyẹ, à ń wo aláǹgbá. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, ni alága. Òun ló ni awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Folúkẹ́ tíṣà nìkan ló fẹ́ràn ẹranko ní tòótọ́ nínú wa. Àwa yòókù, fọ́tò là ń wá.

Òwìwí kan ń tọ́ ọmọ méjì lórí igi máńgòrò ilé tí Folúkẹ́ ń gbé. Onílé, Alhaji Rájí, gbọ́ igbe ẹyẹ náà, ó ní àjẹ́ ni, òun á gé igi náà. Folúkẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí ẹgbẹ́ òun wá ṣàlàyé pé eku ni òwìwí ń jẹ, kì í ṣe èèyàn. Alhaji kì í ṣe olóríkunkun. Ó ní bí ọ̀rọ̀ wa bá wọ òun létí, òun á fi igi sílẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, a wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lọ. Òwìwí jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀ka, ó ń tòògbé. Alhaji ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, mo sì rí i pé ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wo ló ń ṣèpàdé láìgbàdúrà ní Bariga? Gbádégẹṣin ní kí Ìyá Ezekiel, ọ̀kan nínú wa, fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ezekiel dijú, ó gba ojú ọ̀nà tí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ lọ.

"Baba, gbogbo ẹyẹ òru tó ń ké lórí òrùlé ọmọ Rẹ, kí iná Ẹ̀mí Mímọ́ jó wọn. Igi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, kó wó lulẹ̀."

"Àmín," ni gbogbo wa wí, àti Mùsùlùmí inú wa. Ti Gbádégẹṣin ló ròkè jù. Folúkẹ́ nìkan ni kò ṣe é, ó lajú sílẹ̀, ó ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbádégẹṣin húkọ́ díẹ̀, ó ní, "Òwìwí kì í ṣe àjẹ́."

Alhaji gbọ́wọ́ sókè. "Alága, ẹ jókòó. Àdúrà yẹn ti wọ̀ mí lára."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe é," ni Folúkẹ́ wí.

"Ẹyin lọ̀rọ̀, Àǹtí. Ẹni tí kò bá fi ọkàn ṣe àmín, kó sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwa tó ṣe àmín, bó bá sọ̀rọ̀, ìbá gba igi náà là. Ta ló fẹ́ kí àdúgbò máa pe òun ní ọmọ ẹgbẹ́ àjẹ́? Ìyá Ezekiel ń wo bàtà rẹ̀. Alága tó ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ òwìwí lẹ́ẹ̀mejì ń nu awò rẹ̀. Inú bí mi sí gbogbo wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dé. Ìyá òwìwí fò lọ. Nígbà tí igi wó, a rí àwọn ọmọ méjèèjì láàárín ewé, wọ́n ti kú. Folúkẹ́ tú gèlè, ó kó wọn sí i.

Gbádégẹṣin ṣí fìlà, ó ní ká dijú, ká gbàdúrà.

"Alága, ẹ ní sùúrù," ni Folúkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sin àwọn tí àdúrà àárọ̀ pa."