Ọ̀gá Àgbà Nínú Yàrá Kòkòrò

Nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò rówó ná ní owó ìrànwọ́ fún ìwádìí, ilé ẹ̀kọ́ tí à ń sọ yìí kò nílò àlàyé púpọ̀. Òrùlé rẹ̀ ń jò. Katakata tó fi ń túlẹ̀ ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Yàrá ìwádìí kan ṣoṣo tó ní, tábìlì kan ló wà níbẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ tábìlì náà. Ká ní wọ́n ń fi òṣì díje ni, wọn ì bá ti gba ife-ẹ̀yẹ wálé.

Olùkọ́ tó kọ̀wé béèrè owó náà ni obìnrin kan tí gbogbo ọgbà ń pè ní Ìyá Kòkòrò. Kòkòrò ẹ̀wà ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn kékeré tí ń lu ẹ̀wà ní ihò títí tí ẹ̀wà yóò fi di lẹ́búlẹ́bú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá nínú gbogbo oríṣi ẹ̀wà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn, ọ̀kan wà tí kòkòrò kò lè bà jẹ́. Kó tó lè mọ̀, ó ní láti máa sin kòkòrò. Ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní àyè, nítorí náà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ló ń sin wọ́n sí, nínú ìgò tó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, fara dà á títí di ọjọ́ tí ọ̀kan jáde láti inú àpò ẹ̀wù rẹ̀, tó lọ ń rìn gbẹ̀rẹ́ lórí irùngbọ̀n oníbàárà.

"Ọkùnrin yẹn bi mí bóyá mo máa bu kòkòrò náà mọ́ owó irun," ló wí nígbà tó délé. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bá wọn gbé, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n ní tirẹ̀. "Gbogbo ayé ń pa kòkòrò," ló máa ń wí, "ìyàwó ọmọ tèmi ń fún wọn lóúnjẹ. Èmi tí mo wà nílé yìí, ta ló tíì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo yó?"

Ẹ wá wo bí inú ilé náà ṣe dùn nígbà tí owó ìrànwọ́ jáde. Wọ́n tún yàrá ìwádìí ṣe, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n ra tábìlì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ra awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù kan tó mọ̀ ọ́n mú yàrá tutù, tó sì mọ̀ ọ́n mú un gbóná, wọ́n sì to páànù tí ń gba iná lára oòrùn sórí òrùlé fún un. Ìyá Kòkòrò kó àwọn ìgò rẹ̀ kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ rẹ̀ sì bá a gbé wọn pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tí àlejò rẹ̀ ń lọ.

Àmọ́ ẹ̀rọ amúlétutù yẹn nìkan ló wà nínú gbogbo ọgbà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọkùnrin tí kì í bọ́ kóòtù, bí oòrùn ṣe wù kó mú tó. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lábẹ́ páànù gbígbóná, wọ́n sì ti kan àwọn fèrèsé rẹ̀ pa látìgbà tí olè ti gba ibẹ̀ wọlé. Ó kọ́kọ́ wá sí yàrá kòkòrò pé òun kàn fẹ́ kí wọn. Ó dúró díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó la apá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá. Lọ́jọ́ kejì, ó mú fáìlì kan dání. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àga rẹ̀ ti dé ibẹ̀, akápò ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti tẹ̀ lé àga.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Ìyá Kòkòrò wí, "ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn. Ooru díẹ̀ ni àwọn kòkòrò yìí fẹ́. Bí ó bá tutù, wọn ò ní bímọ."

"Ooru?" Ọ̀gá Àgbà wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ àlùfààṣá. "Nínú ayé yìí, ta ló ń fẹ́ ooru? Bóyá wọn ò tíì mọ ìgbádùn ni. Jẹ́ kó mọ́ wọn lára."

Ó tẹ bọ́tìnnì náà sísàlẹ̀, ó tún un tẹ̀. Akápò ní kó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò mọ́ wọn lára. Àwọn kòkòrò náà kó ara wọn jọ sí ìdí ìgò, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ bí àwọn akọ̀wé ìjọba ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹyin tí wọ́n yé kò pa. Gbogbo ìṣirò Ìyá Kòkòrò dàrú. Owó dé, yàrá dé, ẹ̀rọ dé, iṣẹ́ rẹ̀ sì wá burú ju ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó ń rìn nínú ọgbà, ó ń dá sọ̀rọ̀.

Ó pinnu pé òun yóò lọ bá Ọ̀gá Àgbà ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí òun sọ ọ́ fún un ní gbangba. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Akọ̀wé rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí àìríṣẹ́ṣe ti fẹ́ pa, ń kun èékánná níta.

"Ẹ wọlé, ẹ sinmi, Mọ́mì," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ ṣáà má pẹ́ o, kí ẹ má bàa jinná."

Ìyá Kòkòrò wọlé. Ooru gbá a lójú. Afẹ́fẹ́ kankan kò wọlé, kankan kò sì jáde. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í sàn sí i lẹ́yìn. Ó ti fẹ́ sá jáde nígbà tí ohun kan sọ sí i lọ́kàn. Ó sáré lọ mú ẹ̀rọ tí ń wọn ooru, ó fi í sórí tábìlì ńlá náà, ó jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Ooru náà kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí àwọn kòkòrò fúnra wọn yan ilé, ibẹ̀ ni wọn ì bá yàn.

Ó padà lọ bá Ọ̀gá Àgbà. "Sà, ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ máa lo yàrá ìwádìí, kí èmi máa lo ọ́fíìsì yín."

Ọ̀gá Àgbà wo akápò, akápò wo Ọ̀gá Àgbà. "Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́ o," ni Ọ̀gá wí kíákíá, kí obìnrin náà má bàa yí ọ̀rọ̀ padà.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò ẹ̀wà ṣe gba ọ́fíìsì tó ga jù nínú ọgbà. Láàárín oṣù méjì, wọ́n ti pọ̀ débi pé ìgò kò gbà wọ́n mọ́. Akọ̀wé náà gbé pátákó kékeré tí wọ́n kọ Ọ̀GÁ ÀGBÀ sí síwájú ìgò tí kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀ jù. Bí fóònù bá dún, yóò dáhùn pé, "Ẹ má bínú, ìpàdé ń lọ lọ́wọ́."

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fún wọn lówó, láti wá wo ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Kò kéde bíbọ̀ rẹ̀. Bàtà roba ló wọ̀, ojú rẹ̀ kò sì fi ohun kan hàn. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mú òun lọ sí yàrá ìwádìí kòkòrò, ẹ̀ṣọ́ náà sì mú un lọ.

Ó ṣílẹ̀kùn. Òtútù kọ lù ú. Ọ̀gá Àgbà ń sùn lórí àga, ó ti bọ́ bàtà, ó fi kóòtù bora dé àgbọ̀n. Akápò ń jẹ ẹ̀pà lórí tábìlì tuntun.

Obìnrin náà wò wọ́n dáadáa. "Ṣé àwọn kòkòrò náà rèé?" ló bi ẹ̀ṣọ́.

"Rárá o, mà," ni ẹ̀ṣọ́ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ọ̀gá wa nìyí. Ọ́fíìsì ọ̀gá ni àwọn kòkòrò wà."

Ọ̀gá Àgbà ta jí. Ó ń wá bàtà rẹ̀ kan lábẹ́ àga bó ti ń sọ̀rọ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà! Mò ń ṣọ́ ẹ̀rọ yìí ni. Ohun ìjọba ni, ẹ mọ̀ pé ó gba àmójútó."

"Mo rí i. Ẹ tún ń pa ojú dé, kí ẹ lè ṣọ́ ọ dáadáa."

Ó kọjá sí ọ́fíìsì. Ìyá Kòkòrò wà níbẹ̀ tòun ti òógùn, ó ń ka ẹyin lábẹ́ awò. Nígbà tó gbọ́ ibi tí àlejò ti wá, ó dìde. Ó rò pé wọn yóò gba owó wọn padà, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, láìfi ọ̀kan pa mọ́. Obìnrin náà wo pátákó, ó wo ìgò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú tí kì í fi nǹkan hàn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tó nu ojú tán, ó dájọ́. Ẹ̀rọ tí owó ìwádìí rà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìwádìí bá wà. Kí wọ́n tú u wá sí ọ́fíìsì, nítorí òtútù ọ̀gìnnìtìn kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ó lè máa mú yàrá gbóná nígbà náà. Ọ̀gá Àgbà lè padà sí ọ́fíìsì rẹ̀ nígbàkúùgbà, bó bá ti gbà láti máa bá àwọn kòkòrò gbé nínú ooru tiwọn. Ọ̀gá Àgbà ní rárá, òun kò fẹ́ dí ìmọ̀ lọ́wọ́. Ó dúró sí yàrá ìwádìí pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí àti abẹ̀bẹ̀, akápò kò sì bẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ní ọ́fíìsì yẹn ni Ìyá Kòkòrò ti rí ohun tó ń wá. Ẹ̀wà kékeré kan ni, aláwọ̀ ilẹ̀, tí kò dùn ún wò. Àwọn kòkòrò yé sí i lára bí wọ́n ṣe yé sí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò lù ú jáde. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó dá a lójú, ó jókòó sórí àga ńlá Ọ̀gá Àgbà, ó sì fi í yí po bí ọmọdé títí òòyì fi kọ́ ọ.

Ó sáré lọ sílé lọ sọ fún wọn. Ọkọ rẹ̀ gbé e sókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀wà náà, ó yí i wò, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kòkòrò tó ń jẹ gbogbo nǹkan kọ èyí," ló wí, "ìwọ sì fẹ́ kí èèyàn jẹ ẹ́?"

Ìyá Kòkòrò gba ẹ̀wà náà padà, òun náà gbóòórùn rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe obìnrin oníbàtà roba lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "ṣé owó lè wà fún ìkòkò, àti fún àwọn èèyàn tí kò ní bẹ̀rù láti tọ́ ẹ̀wà kan wò?"