Ọkọ̀ Tí Yóò Gba Ìyá

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Káfíńtà gbàgbé èyí lọ́jọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ dé ọgbà tí wọ́n ti ń ta àlòkù ọkọ̀ Jámánì. Ìbàdí ìyá ti le, kò lè tẹ̀ mọ́. Torí àtimáa gbé e lọ sílé àdúrà ni wọ́n ṣe ń wá ọkọ̀.

Onílẹ̀kùn méjì kan ló gba ọkàn Káfíńtà. Ó rẹlẹ̀, ó ń dán bí omi àárọ̀, àwọsánmà sì ń rìn jẹ́jẹ́ lára rẹ̀. Ó wọ inú rẹ̀, ó dijú, ó sì ń fò lọ lọ́kàn bí ẹni ń lálàá.

“Èmi ńkọ́?” ni ìyá bi í. “Ṣé orí rẹ̀ ni wàá dì mí mọ́ bí ẹrù?”

Ọmọ rẹ́rìn-ín.

“Rà á, bàbá mi,” ni ìyá wí. “Màá máa gbàdúrà nílé.”

Gbólóhùn yẹn wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Ó sọ̀ kalẹ̀. Onílẹ̀kùn mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dùn-ún wò, àmọ́ òrùlé rẹ̀ da gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn, ó sì gbá ìyá lórí. Ó wá ku èyí tó gùn gbọọrọ, tí òrùlé rẹ̀ tẹ́ títí dé ìdí, tí Káfíńtà ti ń pè ní ọkọ̀ agbépósí láti àárọ̀. Ìyá wọ̀ ọ́ láìtẹ̀ríba, ó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀.

Káfíńtà na ọwọ́ sí i.

“Má tíì fà mí dìde,” ni ìyá wí. “Jẹ́ kí n ṣì jókòó díẹ̀.”