Ìdì Tó Kẹ́yìn Nínú Ìwé Kejì

Kí èèyàn tó lè tún ìwé dì, ó ní láti kọ́kọ́ tú u. Wàá gé okùn àtijọ́, wàá ha gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ìwé náà yóò sì di ìdì-ìdì lọ́wọ́ rẹ, ewé mélòó kan tí wọ́n ká sínú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wàá rán ìdì kan mọ́ èkejì. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ìlú Fẹ́ẹ̀sì nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa. Ghita ìyàwó mi a máa jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a sì máa ka ìdì kọ̀ọ̀kan sókè kí n tó rán an. Bí a ṣe ka gbogbo ìwé tí a kà láyé wa nìyẹn.

Lọ́dún tí àìsàn mú Ghita débi pé ìrọ̀rí ló ń gbé e dúró, Sí Mekki, olùkọ́ kan ládùúgbò wa, gbé ìwé kan wá. Ìkejì nínú mẹ́ta ni. Ìtàn àwọn èèyàn tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń lọ sí ìràwọ̀ jíjìn ni. Àwọn baba ńlá wọn ló gbéra, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni yóò gúnlẹ̀. Àwọn tiwọn kàn wà lójú ọ̀nà ni. Obìnrin kan, Safran, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi wọn, ẹ̀rọ náà sì ti ń kú lọ.

Ẹ̀rọ yẹn dùn mọ́ mi, bí omi ṣe ń gba inú yanrìn àti èédú kọjá. Safran ni ti Ghita.

Ó ní, “Bàbá Nuzha, ẹ ò gbọdọ̀ kà á ṣáájú mi o. Mo mọ̀ yín.”

Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá ń fẹ́ ni kí Ghita gbọ́ bóyá omi yẹn tún ṣàn. Ohùn rẹ̀ kì í gbé e jìnnà mọ́, nítorí náà mo dẹwọ́. Mo máa ń tú ojú okùn tó dára, kí n tún un rán, kí ọwọ́ mi má bàa ṣáájú ohùn rẹ̀.

Sí Mekki wá béèrè ìwé rẹ̀. Mo ní òjò ò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ. A ò tíì fi gọ́ọ̀mù kàn án rárá, àwọn ewé títú sì wà lórí itan Ghita níṣojú olùkọ́ náà.

Ghita sọ fún un pé, “Ẹni tó bá ń kánjú ní í jẹ kùsùkúsù tí kò jinná.”

Sí Mekki rẹ́rìn-ín. Ó ní gọ́ọ̀mù ìgbà òtútù, sùúrù ló ń fẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tí a dé ìdì tó kẹ́yìn, Safran ti wọnú àgbá omi, ilẹ̀kùn sì ti pa dé mọ́ ọn. Etí àwọn ewé ìdì náà ṣì lẹ̀ mọ́ra bí wọ́n ṣe ká a nílé ìtẹ̀wé. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ là á rí, a ò sì lè kà á láìlà á. Ghita rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

“Ẹ wò ó, olùkọ́ yín ò kà á parí, ó sá!”

Mo mú ọ̀bẹ. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, ohùn òun ti rẹ̀.

“Tó bá di ọ̀la, ẹ bá mi là á.”

Ilẹ̀ ọ̀la mọ́, kò jí. Kí wọ́n tó kírun Alásárì, a ti sin ín. Sí Mekki bá wa jẹ kùsùkúsù ọjọ́ kẹta, kò sì dárúkọ ìwé.

Mo rán ìdì náà mọ́ ìyókù láìlà á. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ì bá nà mí, nítorí a kì í dá ìwé padà pẹ̀lú ojú ewé tó pa dé. Mo fi awọ bò ó, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ pákó.

Nígbà tí Sí Mekki wá gbà á, ó fi àtàǹpàkò gba etí ìwé náà kọjá, ó sì dúró lápá ẹ̀yìn.

“Ẹ ò là á.”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kà á.”

Ó wo ọ̀bẹ mi lórí tábìlì, kò mú un. Ó ní ìkẹta wà nílé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ṣé kí òun gbé e wá.

Mo wo àpótí ẹ̀gbẹ́ mi.

“Ẹ jẹ́ kó dúró ná, Sí Mekki. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rán ìwé tí mi ò gbọ́.”