Lőrinc Gbé Ẹsẹ̀ Kúrò Nílẹ̀

Láti ìgbà tí Lőrinc ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣe, ìyẹn ni pé kó máa dìde. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè lẹ́yìn ilé báyìí, á dìde lórí àga, á de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, á lọ dúró lójú fèrèsé, á sì gbé ọwọ́ sókè bíi pé pátákó aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń yọ̀ǹda ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ á kọjá. Ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò ní bojú wo fèrèsé. Lőrinc á tún padà wá jókòó, ó di ìgbà tí òmíràn bá fọn fèrè. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń yọ̀ǹda àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n máa lọ, òun fúnra rẹ̀ kò lọ síbì kan.

Borka ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ìgbà òtútù kan gbáko. Ọjọ́ tí yìnyín orí adágún Balaton yọ́ tán ni obìnrin náà gbé àwo ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀, tó sì fa àga jókòó.

"Lőrinc, mo ti bá Emőke ọmọ wa sọ̀rọ̀. A máa ta ilé yìí, a máa lọ bá a gbé ní Budapest."

"Ta ilé kẹ̀? Ilé bàbá mi?"

"Ilé bàbá ẹ náà ni. Ṣé inú ẹ̀ lò ń gbé ni? Orí àga lò ń gbé. Àga wà ní Budapest."

"Kí ni mo wá ṣe báyìí?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

Lőrinc mu ọbẹ̀ rẹ̀, kò mọ adùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá kúrò létí omi yìí, òun ò ní pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu ọkùnrin tó ti dé fìlà pupa ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè rí. Nígbà tí ìtànná igi áprìkọ́tì yọ, Emőke ọmọ wọn ti rí ẹni tó máa ra ilé, dókítà eyín kan ni. Ó ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lòun máa wá gba kọ́kọ́rọ́. Borka bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Bó ti ń di ìgò jáàmù sínú páálí ló ń nu ojú, ó ní eruku ló kó sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó síta, wọ́n ń wo òdì kejì omi níbi tí àwọn òkè ti ń di àwọ̀ elésè àlùkò. Ọ̀hún ni wọ́n ti bí Borka.

"Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ ká tó lọ," ó ní. "Mo fẹ́ wọ omi níwájú ilé bàbá mi, kí n jáde níwájú ilé ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwa méjèèjì la jọ máa lúwẹ̀ẹ́ ọ̀hún."

Àyà Lőrinc já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dé fún yín. Ní apá gúúsù tí wọ́n bí Lőrinc sí, Balaton kò jìn rárá. Èèyàn á fi ẹsẹ̀ rìn wọnú ẹ̀ títí ilé á fi kéré lẹ́yìn rẹ̀, omi ò tíì ní kọjá ìdodo. Inú omi yẹn làwọn àgbàlagbà máa ń dúró sí lọ́sàn-án, àkẹtẹ̀ lórí, àgbàdo sísè lọ́wọ́, tí wọ́n á máa ṣòfófó. Nígbà tí Lőrinc wà ní kékeré, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ju ọwọ́ lúwẹ̀ẹ́ lóun náà ń ju ọwọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn lórí yanrìn nísàlẹ̀. Ìgbà tó fi máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn yòókù kò sí nílẹ̀, ó ti dàgbà ju ẹni tí í béèrè lọ. Ọmọ etí omi tí kò mọ omi í wẹ̀! Ìtìjú pa á lẹ́nu mọ́. Lọ́dọọdún ni Borka ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lára rẹ̀ lọ síbi tó jìn, tí orí rẹ̀ á kéré bí orí pẹ́pẹ́yẹ, tí Lőrinc á dúró síbi tí omi ti dé ọrùn rẹ̀, á ní etí ló ń dun òun.

"Borka," ó ní, "mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ọdún tá a fẹ́ra ni mo ti mọ̀. Ta ló ń lúwẹ̀ẹ́ tó tún ń fa sìgá?"

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mò ń dúró kó o sọ ọ́ fúnra ẹ. Mi ò mọ̀ pé ó di ìgbà tó o bá darúgbó tán." Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ìhà mú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, dìde. Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀."

Láàárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń lọ, nígbà tí kùrukùru ṣì bo ojú omi, tí èèyàn ò lè mọ ibi tí omi parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Borka á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

"Ṣebí o ti fẹ̀yìn tì? Fẹ̀yìn náà ti omi."

"Màá rì!"

"Ibi tó ò ń bẹ̀rù ẹ̀ yìí ò mu mí dé ìbàdí, Lőrinc."

Zsiga aládùúgbò wọn, tó ń gẹrun fún gbogbo abúlé kó tó fẹ̀yìn tì, máa ń wa ọkọ̀ ẹja rẹ̀ kọjá. "Ọ̀gá ibùdókọ̀!" á pariwo. "Ṣé rélùwéè ti ń gba inú omi báyìí ni?" Lőrinc á bínú, á dìde dúró gbagidi, àárọ̀ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, etí rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi, kò gbọ́ Zsiga, kò gbọ́ ẹyẹ. Èémí ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Kùrukùru ń kọjá lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń rò ó pé òun ń sùn ni, pé òun tún ti di ọmọdé lẹ́yìn ìyá òun. Láti ọ̀nà jíjìn réré ni fèrè rélùwéè ti dún wá bá a, bí ohùn ẹni tó ń pe ẹlòmíràn. Lőrinc kò dìde. Ọkọ̀ kọjá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yọ̀ǹda rẹ̀. Nígbà tó kíyè sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ Borka kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà eyín máa dé ni wọ́n sọdá sí apá àríwá nínú ọkọ̀ ẹja Zsiga, wọ́n sì wọ omi níwájú ilé bàbá Borka. Níbẹ̀, ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré, ilẹ̀ ti tán lábẹ́ ẹsẹ̀. Zsiga ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn. Bó bá rẹ Lőrinc, á di etí ọkọ̀ mú, Zsiga á fún un ní ọtí pálinka kékeré kan, á tún bú u díẹ̀. Omi náà rí bíi wàrà tí wọ́n da ewé sí. Nígbà tí wọ́n dé àárín gbùngbùn, etí omi méjèèjì pòórá mọ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Lőrinc dojú kọ ọ̀run. Lójú rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tó ti yọ̀ǹda rí ń kọjá lọ lókè láìpariwo, àwọn èrò inú wọn ń juwọ́, lọ́tẹ̀ yìí òun náà wà nínú àwọn tó ń lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Omi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nígbà tó ṣe, Borka fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì dìde dúró. Ilé wọn ti hàn. Emőke wà létí omi pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán.

"Bàbá! Màmá! Ẹ tètè jáde o, dókítà ti ń dúró látàárọ̀!"

Lőrinc kò dìde. Ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha yanrìn.

"Dìde, o ti dé," Borka ní. "Omi ibí ò ju orúnkún lọ."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò dìde?"

"Gbogbo ayé mi ni mo ti fi dúró níbí, Borka. Ó sú mi." Ó yíjú padà sí ibi tó jìn, ó fẹ̀yìn ti omi, ó sì ń lọ.

Borka wo ọmọ rẹ̀. Ó wo páálí ẹrù tó kún ẹnu ọ̀nà. Ó wá bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀, kò sì rí ọkùnrin tí òun fẹ́ mú lọ sí Budapest mọ́. Ẹlòmíràn ló ń léfòó lọ yẹn, ó sì wù ú láti bá a lọ.

"Borka," Zsiga ní látinú ọkọ̀, "kí ni kí n sọ fún dókítà?"

"Sọ fún un pé a ò sí nílé."

Ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.